Kòrónà Kì Í Kágò: Ẹ Ka Ọjọ́ Kí Ẹ Tó Dì Mọ́ Màmá

Láti òde ìgbéyàwó l'Ékòó lẹ ti ń bọ̀ wá s'Ákùúrẹ́. Awakọ̀ ti gbogbo fèrèsé bọ́ọ̀sì nítorí éésì. Ọ̀rẹ́ tó jókòó tì yín ń wúkọ́ sínú áńkáṣífù títí ẹ fi dé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó pè yín: "Ẹ má bínú o, wọ́n ní Kòrónà ni." Ẹ̀yin kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ara yín le. Kòrónà kì í kágò kó tó wọlé. Láàárín ọjọ́ 2 sí 14 ló máa ń fara hàn, ẹni tó gbé e sì lè kó o ran ẹlòmíì kí òun alára tó wúkọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní i ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, ti kúrò l'Ékòó dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí a tó mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ọjọ́ tí ẹ jọ wọkọ̀. Fún ọjọ́ 10, ẹ lo ìbòmú tó bo imú àti ẹnu, kódà nínú ilé. Ẹ sun yàrá ọ̀tọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú àwo kan náà. Bí ikọ́, ibà, ọ̀fun dídùn tàbí àìgbóòórùn bá dé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 5 pé kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò kíákíá bá ní kò sí, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48.

Ẹ má sáré ra chloroquine. Kò wo Kòrónà, àlòjù rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí. Bí mímí bá ń nira, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí iyè ń rá, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oyún, kó tètè rí dókítà. Abẹ́rẹ́ òní kò lè lé àrùn àná, àmọ́ nígbà tí ọjọ́ yín bá pé, ẹ lọ gbà á nítorí ìrìn àjò mìíràn.

Màmá tó na ọwọ́ sí yín lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ láti ìta, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Kò pọn dandan kí ara kan ara nínú ìkíni wa. Tí ọjọ́ bá pé, tí àyẹ̀wò sì mọ́, ẹ wọlé, ẹ dì mọ́ wọn.