Ìjánu Ìbọn, Ìjánu Ọwọ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń gbọ́ àríyànjiyàn yín ní Ọjà Ọba. Ẹnì kan á na fóònù síwájú, á ní ìbọn ìléwọ́ báyìí ló dára jù láyé. Ẹnì kejì á ní irọ́ ni. Díẹ̀ nínú yín ti wọ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn mìíràn ń múra àtiwọ iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ti ológun, ọmọ ọdẹ sì pọ̀ láàárín yín. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, àmọ́ ààbọ̀ rẹ̀ lẹ ń sọ. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ilé ìbọn àwọn ológun ni mo sì ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin.
Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí à ń ki láti ẹnu wà ní ìpín kan. Ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì wà ní ìpín mìíràn. Ìbọn ìléwọ́ kò sí nínú méjèèjì. Ìpín àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ ni wọ́n kó o sí, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù, àṣẹ Ààrẹ nìkan ló sì lè gbé e lé aráàlú lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ṣakabùlà bàbá yín pàápàá nílò ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ìjọba máa gbé ìbọn fún lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó lè ṣàdédé bá a pàdé.

2. Ẹ mọ ohun tó ya ìbọn ìléwọ́ sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà.
Nígbà Ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1886, àwọn ọmọ wa tó ń ṣòwò l'Ékòó ló fi ìbọn tí à ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀. Ìyára ìbọn náà ya àwọn ọ̀tá wọn tó ń ki tiwọn láti ẹnu lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ìyára ló ń pọ̀ sí i. Oníṣakabùlà gbọ́dọ̀ da ẹtù, kó gún un, kó fi ọta sí i, kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ìdádúró yẹn ń fún un láyè láti ronú. Ní ti ìbọn ìléwọ́ òde òní, agbára tó ti ọta kan jáde náà ló ń ti irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń tu kóròfo dànù, tó sì ń jẹ́ kí ọta mìíràn bọ́ sípò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe tán láti tún dún. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe é fi ń wá ìjánu fún un, ìyẹn ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣèèṣì dún.

3. Ẹ mọ ìbọn ìléwọ́ tí òòlù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ká sẹ́yìn kó tó lè yìn.
Irú rẹ̀ ni M1911 tí John Browning ṣe, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ní 1911. Òòlù kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni apátí, irin tí ìka ń fà, ń ṣe: ó ń tú òòlù náà sílẹ̀. Fífà rẹ̀ kúrú, kò sì le, nítorí náà ọwọ́ kì í gbọ̀n, ọta sì ń lọ síbi tí a fojú sùn. Àmọ́ ohun tó rọrùn láti fà nígbà tí a fẹ́, ó rọrùn láti fà nígbà tí a kò fẹ́. Wọ́n wá fi ìjánu méjì sí i: ọ̀kan tí àtàǹpàkò ń tì, ọ̀kan lẹ́yìn ìdìmú tí àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè dún. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ fi ìjánu àtàǹpàkò kọ́ra títí yóò fi mọ́ ọn lára. Bó bá gbàgbé láti tú u nígbà ewu, ìbọn kò ní dún. Bó bá gbàgbé láti dá a padà, òun àti ewu ló jọ ń rìn.

4. Ẹ mọ èyí tí fífà rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì.
Walther PP ti Jámánì, tó jáde ní 1929, ló sọ irú èyí di ìlúmọ̀ọ́ká. Beretta 92 ti Ítálì náà wà nínú ẹbí yìí. Ní fífà àkọ́kọ́, apátí fúnra rẹ̀ ló ń gbé òòlù sókè kó tó tú u sílẹ̀, nítorí náà ó gùn, ó sì le. Líle yẹn gan-an jẹ́ ìjánu, torí kì í ṣe ohun tí ìka ń fà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọta àkọ́kọ́, òòlù ti dúró sẹ́yìn, fífà kejì á wá rọ̀. Ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ máa ń yin ọta kejì kó tó ṣetán. Irin kan sábà máa ń wà lára irú ìbọn yìí tó ń sọ òòlù kalẹ̀ láìyìn ín. Ẹ má ṣe dá a padà sínú àpò rẹ̀ láìlo irin náà.

5. Ẹ mọ èyí tí kò ní òòlù.
Èyí ló pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn yín. Gaston Glock, ará Austria, ló ṣe Glock 17, àwọn ológun orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì gbà á ní 1982. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló ń gún ìdí ọta. Irin òkè á ti fa abẹ́rẹ́ náà dé ààbọ̀ ọ̀nà, apátí á wá parí rẹ̀. Bákan náà ni gbogbo fífà rẹ̀ rí, ìyẹn sì rọrùn láti kọ́. Ìjánu mẹ́ta ló ní: ahọ́n kékeré tó wà lójú apátí, irin tó dí abẹ́rẹ́ lọ́nà, àti èyí tí kì í jẹ́ kó dún bó bá jábọ́. Ẹ fetí sí mi dáadáa: fífa apátí ló ń tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò mọ ìka yàtọ̀ sí etí ẹ̀wù tàbí kọ́kọ́rọ́ inú àpò. Nítorí náà, inú àpò líle tó bo apátí ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe ìbàdí ṣòkòtò bí ẹ ti ń rí i nínú fíìmù.

6. Ẹ má gba ìlérí ẹni tó ṣe ìbọn bí ẹni gba ẹ̀rí.
Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ológun Amẹ́ríkà yan P320 ti ilé iṣẹ́ SIG Sauer. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé iṣẹ́ yìí ní àwọn tó ti ra P320 lè gbé e wá fún àtúnṣe, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé ó lè dún bó bá jábọ́ ní igun kan. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n, kí ni ká wá sọ nípa ayédèrú ìbọn inú igbó?

7. Magasíìnì (ilé ọta) tó ti jáde kò sọ pé ìbọn ti ṣófo.
Browning Hi-Power, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Belgium ní 1935, kì í dún bí magasíìnì bá ti jáde. Glock á dún bí ọta kan bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ àkọ́kọ́ tó wá gbé èkejì lè pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ magasíìnì ná, kí ẹ fa irin òkè sẹ́yìn, kí ẹ fojú wo inú rẹ̀, kí ẹ tún fi ìka kàn án. Síbẹ̀ náà, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?

8. Ẹ tọ́jú rẹ̀ nílé, ẹ ṣọ́ ọ lóde.
Ẹ ti ìbọn pa síbì kan, kí ẹ ti ọta pa síbòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà. Lọ́jọ́ ọdún Ògún tàbí ìsìnkú ọdẹ, ẹtù lásán ni kí ẹ fi dárà, láìsí ọta nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìbọn tí kò ní olówó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lé ọmọdé jìnnà, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

9. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín kí ẹ tó yan ìbọn.
Ẹ óò bi mí pé èwo ló wá dára jù. Èyí tí ẹ bá kọ́ dójú àmì ni. Ìjánu kọ̀ọ̀kan tí mo kà sílẹ̀ ń dènà àṣìṣe kan. Kò sí èyí tó lè dènà ẹni tó ti pinnu láti fa apátí. Ẹ padà wo Òfin 1959: ó ní ká má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Ènìyàn ni òfin ń yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe irin. Nítorí náà, kí ìka yín má wọ inú ihò apátí àfi bí ẹ bá ti pinnu láti yìn. Bí ọtí bá wà lára, ẹ má súnmọ́ ìbọn. Bí inú bá ń bí yín, ẹ gbé e fún ọ̀gá yín. Ẹni tí kò bá lè pa èyí mọ́, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ nílùú Adó.