TA LÓ YỌ́ DÍGÍ NÍ IGBÓ OLÓKUN?

Gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san lórí pátákó yìí. Nígbà tí a ṣe àríyànjiyàn ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, èmi ni mo dìde tí mo ní òyìnbó ló mú dígí wá fún wa, pé ńṣe ni àwọn baba wa kàn ń ra ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹgbẹ́ wa sì borí.

Mo délé, mo ń yangàn ní Ìlódè. Ìyá mi àgbà kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní, “Sẹ̀gi tí wọ́n máa ń wà jáde nínú ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé òyìnbó ló lọ rì í síbẹ̀?” Mi ò rí èsì fọ̀. Bí mo ṣe lọ bá tíṣà kẹ́mísírì wa nìyẹn, tí wọ́n fi ọ̀nà ìwé hàn mí. Ohun tí mo rí rèé.

Ní òpin ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ní apá àríwá ìlú. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí ìkòkò amọ̀ tí dígí yọ́ lẹ̀ mọ́ nínú. Ó rí àwọn orí amọ̀, ó sì ra orí idẹ kan, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Orí Olókun. Ó fẹ́ gbé e lọ, àmọ́ Charles Partridge, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gba orí náà padà.

Ohun tí Frobenius kọ sínú ìwé lẹ́yìn náà ló yà mí lẹ́nu jù. Ó yin iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó ní ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ náà kò ti ọ̀dọ̀ àwa dúdú wá. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tí òkun bò mọ́lẹ̀, ló wá tẹ̀ ẹ́ dó síbí. Kò sí ẹni tó tíì rí Atlantis rí, àwọn ará Ifẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí èyí fi rọrùn láti gbà gbọ́ ju tiwa lọ? Ẹ rántí pé ní 1884 sí 1885 ni àwọn òyìnbó jókòó ní Berlin láti ṣòfin bí wọn yóò ṣe máa pín ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá fẹ́ jọba lé ọ lórí, á kọ́kọ́ sọ pé o ò gbọ́n. Òṣèlú ti wọ inú sáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ tó ju mẹ́wàá lọ jáde. Ìda ni wọ́n fi ń mọ irú rẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n á yá a níná kí ìda yọ́ dànù, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí ààyè rẹ̀. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, bẹ́ẹ̀ bàbà kì í yọ́ àfi tí iná bá tó nǹkan bí 1,085°C. Ṣé àdábá lásán ló lè ṣe ìyẹn? Méjì nínú àwọn orí náà bá William Bascom dé Amẹ́ríkà. Wọ́n padà wálé ní 1950. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Ó wá ku dígí. Àwọn kan gbà pé a mọ̀ ọ́n yọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní dígí òkèèrè la ń fọ́ tí a tún ń yọ́. Ibí ni kẹ́mísírì ti dáhùn. Ní 2006, Ọ̀mọ̀wé Akin Ige ti OAU níbí, pẹ̀lú James Lankton àti Thilo Rehren, kọ̀wé pé wọ́n ṣe dígí láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, yàtọ̀ sí àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò: calcium àti aluminium inú wọn pọ̀ lọ́nà tí kò bá dígí Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Àwọn èròjà àdúgbò wa ló bá mu. Iṣẹ́ yìí ti wà láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ wò ó: irú ìkòkò kan náà ni Frobenius gbé lọ́wọ́ ní 1910. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ohun tó ti gbà gbọ́ kó tó dé ni kò jẹ́ kó rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí sọ pé àwa la dá gbogbo nǹkan sílẹ̀ láyé o. Ẹ̀ṣẹ̀ Frobenius náà ni, òdì kejì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, kó mú ẹ̀rí wá, ìbáà ṣe dúdú, ìbáà ṣe funfun. Ẹ̀rí yẹn sì ṣì wà lábẹ́ ilé wa. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ládùúgbò yín, tí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àfọ́kù àtijọ́ bá jáde, ẹ má tà á fún ẹni tó ń kiri rà á. Ẹ lọ sọ fún mùsíọ́ọ̀mù. Nǹkan tí wọ́n bá ti hú kúrò lójú ibi tó wà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn inú rẹ̀ ti bà jẹ́.

Mo bẹ tíṣà tó jẹ́ adájọ́ wa pé kí wọ́n yọ máàkì tí mo gbà lórí kókó yẹn kúrò. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ìyá mi àgbà sì ti ní kí n wá kà á sí àwọn létí.