Ẹ Dákẹ́ Kẹ́ Ẹ Gbọ́: Ṣíṣe àti Àìṣe ní Kọ́ńsáàtì Èkó

Àsìkò kọ́ńsáàtì tún ti ń wọlé bọ̀ l'Ékòó. Oṣù kẹwàá ni ti àjọ̀dún ẹgbẹ́ orin MUSON ní Oníkàn, èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1997. Bí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Messiah tí Handel kọ á máa dún káàkiri ìlú, orin kárọ́ọ̀lù á sì gba ṣọ́ọ̀ṣì kan. Tó bá di ìgbà Lẹ́ńtì, orin ìjìyà Jésù ló kàn. Ọ̀pọ̀ ló wù láti lọ, àmọ́ tí ojú ń tì wọ́n: kí ni kí n wọ̀, ìgbà wo ni kí n pàtẹ́wọ́, ta ló máa wò mí bí ẹni tí kò mọ̀wé?

Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo òfin ibẹ̀. Lóde àríyá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń gbé olórin dé etí wa. Bí àwọn èèyàn bá ń pariwo, wọn á kàn yí i sókè ni. Ní kọ́ńsáàtì irú èyí, igi, okùn, idẹ àti èémí èèyàn lásán ni. Ìgbà mìíràn wà tí ohùn fáyólìn kì í ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ wa ni gbohùngbohùn wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ìyókù á rọrùn.

KẸ́ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ilé MUSON ní ju gbọ̀ngàn kan lọ. Ẹ wò ó bóyá Agip ni wọ́n kọ tàbí Shell, kẹ́ ẹ má baà lọ jókòó síbi ìgbéyàwó ọmọ olóyè kan, kẹ́ ẹ máa retí fáyólìn.

Ẹ má sọ pé ti olówó ni. Lóòótọ́, àwọn ẹni ńlá bí Akíntọ́lá Williams, àgbà oníṣirò owó, ló dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ orin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń ṣeré. Ẹ béèrè ọjọ́ tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ló dára láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba ọmọ tó dúró lórí ìtàgé ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà nílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, kódà bó jẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́. Orin tí etí ti pàdé rí kì í ṣe àjèjì mọ́. Tó bá tún yọjú, ẹ máa kí i bí ojúlùmọ̀.

Ẹ má fi ọ̀nà ṣeré. Ẹni tí kọ́ńsáàtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún, tó sì kúrò n'Íkẹjà ní agogo mẹ́rin, orí afárá Third Mainland ni yóò ti gbọ́ orin tirẹ̀: fèrè mọ́tò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń ná Mile 2 sí Marina. Bó bá jẹ́ Kàtídírà Marina lẹ ń lọ, ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi parí ìrìn yẹn. Àmọ́ ẹ bi wọ́n ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e fún àtipadà.

Ẹ jẹun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ àjẹyó. Inú tó ń kùn ń dún ní gbọ̀ngàn tó dákẹ́. Ẹni tó sì yó iyán wá á sùn kí fáyólìn tó bẹ̀rẹ̀, híhanrun rẹ̀ ò sì ní sí nínú ìwé ètò.

Ẹ mú ìborùn dání. Ẹ̀rọ amúlétutù àwọn gbọ̀ngàn kan kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú ilé.

LẸ́NU Ọ̀NÀ

Ẹ dín gèlè kù. Kì í ṣe òfin òyìnbó lórí aṣọ wa nìyí; àwọn fúnra wọn ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kọ Messiah ní gbangba, ní Dublin, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tí wọ́n ń fi agbọ̀n tẹ́ inú rẹ̀ wá. Wọ́n sì bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n fi idà sílẹ̀ nílé. Àyè ni wọ́n ń wá. Gèlè tó ga bí òrùlé kò yàtọ̀ sí yẹ̀rì yẹn. Ẹ wọ aṣọ òkè, ẹ wọ àǹkárá, ẹ wọ ṣòkòtò jíìnsì tó mọ́, kò sí ẹni tó máa dá yín padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn rí iwájú.

Ẹ gba ìwé ètò, kẹ́ ẹ sì ka iye apá tí orin kọ̀ọ̀kan ní. Ìwé pẹlẹbẹ yìí ni máàpù yín. Lábẹ́ orúkọ orin, ẹ máa rí àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì bíi *allegro* àti *adagio*, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé orin á yá, èkejì ń sọ pé á falẹ̀. Ìlà kan, apá kan. Síńfónì sábà máa ń ní apá mẹ́rin. Èyí tí olórin kan ti ń dá ṣe iwájú ọ́kẹ́sítírà sábà máa ń ní mẹ́ta.

Ẹ má fipá wọlé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìpàtẹ́wọ́ á fi dún. Ẹni tó ń la àárín ìjókòó kọjá, tó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà", ti fi ohùn kan kún orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un.

Ẹ pa fóònù pátápátá. Kì í ṣe kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Fóònù tó ń gbọ̀n lórí àga onígi ń dún bí ẹ̀rọ ìgégi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹ rántí agogo ọwọ́ tó ń ké, ẹ rántí fóònù kejì tó wà nínú báàgì.

NÍGBÀ TÓ BÁ Ń DÚN

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún ìtúnhùnṣe. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, fèrè onígi kan tí wọ́n ń pè ní óbò á fọn ohùn kan ṣoṣo, tí gbogbo ìyókù á sì bá a mu. Orin kọ́ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí àyàn bá ń tún ìda ojú gúdúgúdú ṣe kó tó ròde.

Ẹ ka apá orin kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́. Nǹkan tó dójú tì mí jù nìyí. Gbọ̀ngàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, síńfónì kẹfà Tchaikovsky ni wọ́n ń lù. Apá kẹta ń sáré, ìlù ń dún, fèrè idẹ ń ké, ó sì parí gbàgà, bí ẹni fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Mo fò dìde. Mo ti pàtẹ́wọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó gbọ́ pé ọwọ́ tèmi nìkan ló ń dún. Bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ìka kan tẹ ìlà kẹrin lórí ìwé ètò mi. Apá kẹrin ọ̀hún, ẹkún ni. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí tó fi ku àwọn okùn tó nípọn jù nìkan, tí àwọn náà sì wọlẹ̀. Tchaikovsky fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1893. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Mo ti pàtẹ́wọ́ níbi òkú.

Ẹ máa wo ọwọ́ olùdarí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì wà lókè, orin ò tíì tán, bí ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, tó kọjú sí yín, ẹ pàtẹ́wọ́ dọ́ba.

Ẹ dìde fún Hallelujah bí àwọn ènìyàn bá dìde. Wọ́n ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ló kọ́kọ́ dìde. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún pàkúté tó wà ní ìparí rẹ̀: gbogbo akọrin á dédé dákẹ́ wẹ́lo, bí ẹni tó ti tán, kí wọ́n tó kọ Hallelujah ìkẹyìn ní ìfàgùn. Ọdọọdún ni ẹnì kan ń kó sínú rẹ̀.

Ẹ má bọ́ sóde lẹ́yìn Hallelujah. Bó bá jẹ́ odindi Messiah ni wọ́n ń kọ, ìparí apá kejì lẹ wà. Apá kẹta ṣì ń bọ̀.

Ẹ má náwó fún wọn. Ọwọ́ á máa yún yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì onífáyólìn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára ìwé. Náírà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ á bo ìlà tó ń kà. Ìnáwó tibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kejì, tàbí kẹ́ ẹ fowó sí igbá ọrẹ bí wọ́n bá gbé e kiri.

Ẹ bọ́ bébà ara súìtì sílé. Bí ikọ́ bá ń ṣe yín, súìtì dára. Ẹni tó rò pé òun ń ṣe sùúrù, tó ń bọ́ bébà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ariwo náà ló ń fà gùn. Ikọ́ tí kò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ wú u sáàárín apá kan sí èkejì, tàbí kẹ́ ẹ rọra bọ́ síta.

Ẹ má gbè é. Orin ẹlòmíràn ni. Àfi níbi kárọ́ọ̀lù, tí wọ́n bá ní kí gbogbo ìjọ dìde. Ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dákẹ́.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń kọ irú orin yìí. Ẹ wá orúkọ wa nínú ìwé ètò: Fẹlá Ṣówándé, Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976), Akin Euba (1935–2020), Joshua Uzoigwe. Euba fẹ́ kí dùùrù máa sọ̀rọ̀ bí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì kọ orin tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi etí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ dùndún gbọ́ orin wọn. Ibí yìí lẹ ti ju àlejò láti Vienna lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bí *ọkọ*. Bí ohùn orin bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ọkọ ìyàwó ti di ọkọ́ tí à ń fi roko. Bó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn nìyẹn nígbà tí wọ́n túmọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ wọ́n. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, kò gbà fún un. Ó ní kí orin máa tẹ̀ lé bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, ó sì kọ ìwé *Yoruba Music* lórí rẹ̀ lọ́dún 1953. Ọmọdé ni Ṣówándé nínú kúáyà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gbé orin Yorùbá sórí dùùrù ní *Oyigiyigi*, láìsí akọrin kankan. Bí wọ́n bá lù ú níṣojú yín, ẹ tẹ́tí dáadáa. Àlejò á gbọ́ ohùn. Ẹ̀yin á gbọ́ ọ̀rọ̀.

NÍGBÀ ÌSINMI ÀTI LẸ́YÌN RẸ̀

Ẹ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kíákíá. Ìlà ti àwọn obìnrin máa ń gùn, agogo ìpadàwọlé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú ọmọ wá, ṣùgbọ́n ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ara rẹ̀ ò bá gbà á mọ́, ẹ tètè gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìyá tó dìde. Ìyá tó jókòó, tó ń sọ "dákẹ́, dákẹ́" fún ọmọ, ni wọ́n ń wò.

Ẹ má sá lọ torí gósílóò. Kí àwọn olórin tẹríba lẹ́ẹ̀kejì jẹ́ ara ètò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe ẹ̀nì pẹ̀lú. Ta ló ń sá fún ẹ̀nì?

Ẹ kí wọn. Bí ẹ bá rí onífèrè tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, ẹ sọ ibi tó wọ̀ yín lára. Ẹ ò nílò èdè Ítálì. "Ibi tẹ́ ẹ ti rọra fọn ún yẹn, orí mi wú" ti tó.

Ẹ sì jẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ pa mọ́ra jáde tó bá yá. Bẹ́ ẹ bá bá *African Suite* pàdé, èyí tí Ṣówándé kọ fún àwọn olókùn lọ́dún 1944, ẹ ka márùn-ún: apá márùn-ún ni. *Akinla* ló kẹ́yìn rẹ̀, orin háíláìfù ni Ṣówándé sì mú wọnú rẹ̀. Ẹ máa jókòó jẹ́jẹ́, ẹ máa káwọ́ mọ́ra, ẹsẹ̀ yín á máa jà fún òmìnira nínú bàtà. Ẹ mú un mọ́ra di ìpàtẹ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá wá dénú mọ́tò, tí ọ̀nà dí pa lórí afárá, ẹ lu dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ gbè é, ẹ náwó fún ara yín. Ẹ ti dákẹ́ tó.