“Ó dára jù”: ó dára ju kí ni lọ?

Bí ẹnì kan bá gbé káàdì kan sókè tó ní “Ó dára jù,” gbólóhùn rẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé káàdì náà dára kọjá ààlà ló ń wí. Ó sì lè rò pé ó ń fi í wé òmíràn tí kò dárúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kì í fa wàhálà, nítorí ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ló máa ń là á yé wa. Àmọ́ fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń to káàdì ní ipò-ipò nínú eré Magic: The Gathering, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Èrò mi ni pé òfin ìfiwéra nínú èdè Yorùbá, bí a bá pa á mọ́ dáadáa, lè kọ́ ènìyàn láti dá ẹjọ́ káàdì bó ṣe tọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń ṣe ìfiwéra. A ó ní “Adé ga ju Òjó lọ.” “Ju” níhìn-ín gba àbọ̀, ohùn àárín ló sì ní. Bí a bá yọ Òjó kúrò, ohùn á wálẹ̀: “Adé ga jù.” Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ní láti ìpìlẹ̀, àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń sọ ọ́ di ohùn àárín, bí “ṣà” ti ń di “ṣa káàdì,” tí “yàn” sì ń di “yan àwọ̀.” Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró: “ó jù ú lọ.” Nítorí náà, “dára ju” láìsí àbọ̀, àṣìkọ ni, “dára jù èyí lọ,” àṣìkọ ni pẹ̀lú. Bí a bá sì fẹ́ sọ pé ohun kan borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, “dára jù lọ” la ó lò, kí ẹgbẹ́ náà sì hàn: “nínú àpò yìí,” “nínú àwọn káàdì pupa.”

Magic, tí Richard Garfield dá sílẹ̀, tó sì jáde lọ́dún 1993, ní irú ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní draft. Ènìyàn 8 ló sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká, tí oníkálukú ní àpò káàdì 3. Wọ́n á jọ tú àpò kan, kálukú á mú káàdì kan, á sì gbé ìyókù fún ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀, títí káàdì á fi tán. Àpò kejì á gba apá ọ̀tún, ẹ̀kẹta á tún gba òsì. Àkójọ tí ènìyàn máa fi díje kò gbọ́dọ̀ dín ní káàdì 40; bíi 17 nínú wọn sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ tó ń pèsè mana, ìyẹn agbára tí a fi ń san iye tí káàdì bá gbà. Bíi 23 ló kù fún ohun tí a ṣà. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni mú èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo káàdì ayé. Àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò náà ló ń fi wé ara wọn.

Ẹ wo káàdì méjì tó ti wà láti ọdún 1993 yẹn. Lightning Bolt ń gba mana pupa kan péré, ó sì ń ṣe ọṣẹ́ 3 fún ẹ̀dá tàbí fún alátakò tó bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú ẹ̀mí 20. Serra Angel ń gba mana 5, ó kéré tán kí méjì jẹ́ funfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tó ń fò ni, agbára rẹ̀ jẹ́ 4, ìfaradà rẹ̀ jẹ́ 4, bó bá sì jáde lọ kọlu alátakò, ó ṣì lè dáàbò bo ẹni tó ni ín. Bí a bá béèrè èwo ló dára jù, kò sí ohun gidi tí a lè fi dáhùn. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé fún ẹni tí kò tíì yan àwọ̀ káàdì tí yóò lò, tó ń wá ohun tí yóò parí ìjà, Serra Angel lágbára ju Lightning Bolt lọ. A sì lè sọ pé fún ẹni tó ti ní káàdì pupa mẹ́rin tó ń yára kọluni, Lightning Bolt wúlò ju Serra Angel lọ. Gbólóhùn méjèèjì jóòótọ́, wọn kò sì takora, nítorí pé a dárúkọ ẹni tó ń ṣà, a sì fi “lágbára” àti “wúlò” rọ́pò “dára.”

Àwọn àgbà mọ̀ pé fífi nǹkan wé nǹkan kì í ṣe ìyìn. “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ” kò sọ pé ikú dùn. Ohun tó ń sọ ni pé bó bá di dandan kí a mú ọ̀kan nínú méjèèjì, a mọ èyí tí a ó mú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ káàdì tí a mú nígbà tí àpò fẹ́ tán. “Ó yá ju òmíràn lọ” ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá pè é ní káàdì tó dára, ó ṣeé ṣe kó fi í sí àárín 23 rẹ̀, níbi tí kò yẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìṣirò ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́, ìkànnì 17Lands ń kó àbájáde eré àwọn tó ń ṣe Magic lórí kọ̀ǹpútà jọ, ó sì ń fi hàn ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tí káàdì kan bọ́ sí lọ́wọ́ borí. Mo ka irú iye bẹ́ẹ̀ sí pàtàkì. Ṣùgbọ́n inú àkójọ àwọn tó ti pinnu láti lo káàdì náà ni iye ọ̀hún ti wá, òun náà sì ní “nínú kí ni” tirẹ̀. Ó ń ranni lọ́wọ́ gan-an nígbà tí a bá fẹ́ mú káàdì àkọ́kọ́. Bí ohun tí a ti ṣà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lè sọ nípa tiwa yóò máa dínkù.

Ẹlòmíràn lè ní ìka ò dọ́gba, pé àwọn káàdì kan borí lójú gbogbo ènìyàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìlànà àtijọ́ kan tilẹ̀ fi káàdì tó lè dá eré borí síwájú, ó fi èyí tó ń pa ẹ̀dá alátakò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èyí tó ṣòro láti dí lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí ni ìlànà náà ń sọ, kì í ṣe ipò. Ìsọ̀rí lè dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ipò ń yí padà: ẹni tó ti kó káàdì mẹ́fà tó ń gba mana púpọ̀ jọ, ẹ̀dá kékeré tó ń gba mana 2 sàn fún un ju ìkeje wọn lọ.

Ní ti pé àkókò kò sí fún gbólóhùn gígùn nídìí tábìlì, òtítọ́ ni. Èdè wa fàyè gba gígé ọ̀rọ̀ kúrú, bí ohun tí a gé kúrò bá ti wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìgbà tí a bá ń kọ́ eré ni kí a máa kọ gbólóhùn náà délẹ̀: nínú àpò wo, fún ta ni, kí ló ju kí ni lọ, ní ọ̀nà wo. Ẹni tó bá ti fi èyí kọ́ra lè wá sọ pé “ó jù ú lọ” nídìí tábìlì, kó sì mọ ohun tó ń wí.