Lẹ́tà sí Àjàní Lórí Ìjàpá Tí Bàbá Rẹ̀ Fi Sílẹ̀

Ìbàdàn.

Àjàní ọmọ mi, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ akin tí kì í gba ọfà lẹ́yìn,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn dé ìdí ọkàn nígbà tí mo kà á pé o fẹ́ gbé ọkọ̀ Ìjàpá tí bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, fi sílẹ̀ jáde nínú gáréèjì tí ó ti wà láti ìgbà tí ojú wọn kò ti gbé ìwakọ̀ mọ́, kí o sì tún sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń rìn lójú títì. Ọmọ tí ó bá ń wá ọ̀nà àtitún ohun bàbá rẹ̀ ṣe, ìgbà tirẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà náà tí ó kó mi lọ́kàn sókè, níbi tí o gbé wí pé o ti ra bátìrì tuntun, àti pé ní Sátidé tí ń bọ̀ ni ẹ ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láti wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì yóò dáhùn. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ ẹni tí ó bí ọ, má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi tètè mú kálàmù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ kò kan irin rárá. Ohun tí bàbá bá fi sílẹ̀, ti gbogbo ọmọ ni, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ẹni tí ń bẹ nílé àti ẹni tí ń bẹ lókè òkun. Pe àwọn àbúrò rẹ jọ, kí ìyá yín jókòó sáàárín, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú ọkọ̀ náà, àwọn tí yóò dáwó, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹnì kan bá dìde lọ́la pé kí a tà á, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwé ọkọ̀ náà ṣì wà ní orúkọ bàbá rẹ, yóò sì ṣòro láti yí i padà ní ọ́fíìsì ìjọba láìsí ìfẹnukò yìí.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n rán ọ létí irú ohun tí ó bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ọdún 1969 ni bàbá rẹ ra ọkọ̀ yìí, nígbà tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba gbogbo ń fi owó iṣẹ́ pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè ra Volkswagen, èyí tí àwọn ènìyàn wa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí kùǹdù tí wọ́n sì sọ ní Ìjàpá. Ará Jámánì ni, Ferdinand Porsche ni ó gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́nà Badagry, débi pé àwọn ọmọ wa náà ń fi ọwọ́ ara wọn dè é ní bóótù. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe káàkiri ayé, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003. Nítorí èyí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́ pé ohun èlò rẹ̀ kò sí mọ́: àwọn ará Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Fusca, àti àwọn ará Mẹ́síkò ṣì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ẹni tí ó bá sì ní sùúrù láti wá a ní Àrárọ̀mí ní Gẹ́ètì ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó, kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé ọkọ̀ tí a gbé jókòó ń sinmi. Kò sinmi, Àjàní. Bẹntiróòlù tí ó kù nínú táǹkì rẹ̀ ti gbó, ó ti di oje tí ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ṣàn kúrò lára irin tí ó yẹ kí ó máa bò. Ọ́ìlì bíréèkì, tí í máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ti di ohun tí ń mú ìpẹtà jẹ inú páìpù. Gbogbo ohun tí a fi rọ́bà ṣe ti gbẹ, ó sì ti sán. Eku ti tẹ́ ìtẹ́ sí ibi tí ó móoru, agbọ́n sì ti fi amọ̀ dí ihò tí ó yẹ kí èéfín gbà jáde. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ fún oṣù gbọọrọ, ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dìde jókòó, a kì í gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ ka iwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu ni a fi ń ṣí i lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ yìí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ògún Onírè ni ó ni irin, àwọn bàbá wa sì mọ̀ pé irin kì í mọ ẹni tí ó ni ín bí olúwarẹ̀ bá fi ìkánjú bá a lò.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o gbé sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: kí ọkọ̀ tó kọ́ bí a ti ń lọ, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dúró. Ìjánu ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Gbé ọkọ̀ náà sórí ìdúró irin tí ó lágbára, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan bí ẹnikẹ́ni yóò bá wọ abẹ́ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí a tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwọ yóò rí i pé sìlíńdà kékeré tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti lẹ̀ pọ̀, pé okùn bíréèkì ọwọ́ kò sún mọ́, àti pé họ́ọ̀sì rọ́bà tí ń gbé ọ́ìlì lọ sídìí táyà ti wú sínú, bí ó tilẹ̀ dán lójú. Má tún èyíkéyìí nínú wọn lò. Pààrọ̀ wọn, kí o fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ inú páìpù, kí a sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ẹsẹ̀ tí ó jìnnà jù lọ wá sí èyí tí ó súnmọ́ jù lọ. Títí di ìgbà tí mo bá sọ nísàlẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa gbóná sí ìjà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá ẹni kì í ṣe ọ̀tá tí a ń sáré bá lójú ogun.

Lẹ́yìn ìjánu ni ọ̀rọ̀ epo, níbí ni mo sì fẹ́ kí o fetí sílẹ̀ gidigidi. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táǹkì Ìjàpá wà, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nítorí náà epo ń la gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kọjá kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Lápá ẹ̀yìn yìí, rọ́bà ni a fi so páìpù mọ́ ẹ̀rọ tí ń fa epo àti mọ́ kabúrétọ̀, nítòsí ibi tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́ àti lókè irin gbígbóná. Rọ́bà tí ó ti sán yóò máa jo, ẹ̀kán díẹ̀ sì tó láti dá iná sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni ó ti jóná báyìí níbi gbogbo láyé. Èyí tí ó tún burú ni pé magnesium ni ó pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi dá àpótí ẹ́ńjìnnì náà, bí ó bá sì gbiná tán, omi tí a bá dà sí i ńṣe ni yóò túbọ̀ mú un ru. Fa epo àtijọ́ jáde pátá, jẹ́ kí a sọ táǹkì kalẹ̀ kí a fọ ìpẹtà inú rẹ̀, pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo láìṣẹ́ ku ọ̀kan, kí a tú kabúrétọ̀ kí a sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ra ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun, kí o gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ ti lè tó o láìdìde. Bátìrì pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: abẹ́ àga ẹ̀yìn ni ó ń jókòó, irin inú àga náà sì lè fara kan orí rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó sanra bá jókòó, kí iná sì ràn mọ́ ohun tí a fi kún àga. Rí i dájú pé ìdérí wà lórí rẹ̀, kí o sì yẹ ilẹ̀ ọkọ̀ wò lábẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà fẹ́ràn jù lọ.

Ẹ́ńjìnnì wá kàn wàyí. Kò lo omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, nítorí náà kí a tú irin tí ó bò ó kí a sì kó ìtẹ́ eku kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru yóò pa á kí ẹ tó rìn jìnnà. Kí a da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí a ṣí àwo abẹ́ rẹ̀, kí a fọ asẹ́ onírin tí ó wà níbẹ̀, nítorí òun nìkan ni asẹ́ tí ó ní, kí a sì da ọ́ìlì tuntun sí i, lítà méjì àbọ̀ péré. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó rin inú irin. Lẹ́yìn èyí, fi sípánà sí nọ́ọ̀tì púlì kí o sì fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́. Bí ó bá kọ̀, má fi agbára mú un. Tún kán ọ́ìlì sí i, kí o sì dúró. Bí ó bá yí fàlàlà, kí mẹkáníìkì wọn àlàfo fáàfù sí 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Nígbà náà nìkan ni kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ, kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, kí a yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí títí iná ọ́ìlì yóò fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà kí ẹ sì ṣíná rẹ̀. Pààrọ̀ fáńbẹ́líìtì pẹ̀lú, nítorí ẹyọ kan yìí ni ó ń yí fáànù tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí ó bá já lọ́nà, iná pupa yóò tàn, kò sì sí ohun mìíràn láti ṣe ju kí o dúró lójú ẹsẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ ra ọkọ̀ yìí, apá òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Nítorí apá òsì tí a ń gbà nígbà tí ó rà á ni ìdarí rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí o bá wà lẹ́yìn àjàgbé tí o fẹ́ yà á, ìwọ kò ní rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lọ́kánkán títí ọkọ̀ rẹ yóò fi yọ jáde tán; nítorí náà má yà á láìsí ẹni tí ó mòye ní ìjókòó òsì tí yóò máa bá ọ wò ó, bí kò bá sì sí, máa tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Iná iwájú rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, apá òsì ni ó ń tẹ̀ sí nígbà tí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò sì máa tàn sójú ẹni tí ń bọ̀. Wá èyí tí ó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ní ti táyà, má wo bí ojú rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó: wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Má sì fi tòkunbọ̀ sí ọkọ̀ yìí.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn akunkọ̀, kí ó lè dán bí ọkọ̀ ìyàwó. Ọ̀dà kì í mú ọkọ̀ dúró, ọmọ mi. Ná owó rẹ sí ìjánu, epo, ẹ́ńjìnnì, táyà àti iná, bí ó bá sì ṣẹ́ kù, kí a wá ro ti ọ̀dà. Wá mẹkáníìkì àgbà tí ó dàgbà sídìí Volkswagen, san owó tí ó tọ́ sí i láìyọ kan, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó mú ọmọṣẹ́ rẹ̀ dání, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ìmọ̀ tí àwọn wọ̀nyí kò bá sì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ yóò bá wọn lọ. Gba ìwé ọkọ̀, ìwé ìbánigbófò àti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún títì, kí ó má baà jẹ́ pé ibi tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bá ti dá ọ dúró ni ìtìjú yóò ti bá ọ.

Ní ìparí, bí ó bá ti ń rìn, jẹ́ kí ó máa rìn. Wà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fi gbé ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ àwọn àbúrò rẹ ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀; ìjókòó ni ó ń pa ọkọ̀ ju ìrìn lọ. Ṣùgbọ́n tò ó bí mo ti tò ó, má fo ọ̀kan, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú. Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò tíì yẹ ní wíwà, ìbáà jẹ́ ọba ni ó fi sílẹ̀.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ tọkàntọkàn.