Ẹ Má Tíì Lé Ẹ̀wà Kúrò Nílé: Uric Acid àti Ọkàn Àwa Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Láyé ìsinsìnyí, bí ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún bá ti ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n á ti máa bi í pé, "Uric acid yín ńkọ́, mélòó ló jẹ́?" Bó bá ti ga díẹ̀ báyìí, ìdààmú dé nìyẹn. Ọ̀kan á ní ẹ̀wà ló fà á, èkejì á dárúkọ oògùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì, ẹ̀kẹta á gbé ìgò àgbo dé. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó yẹ kí ojú wa wà fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kọjá oríkèé, ó dé ọkàn.

Kò sẹ́ni tí kò ní uric acid lẹ́jẹ̀. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ ń fi díẹ̀ kún un. Kíndìnrín ló ń da nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ nù sínú ìtọ̀, ìfun ń bójú tó ìyókù. Bó bá ti rẹ kíndìnrín, ó di kó máa kó jọ. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló ń ka nǹkan bíi 6 mg/dL sí òpin fún obìnrin, 7 fún ọkùnrin. Nígbà tí a ṣì ń rí nǹkan oṣù, estrogen, hòmóònù obìnrin tó wà lára wa, ń bá kíndìnrín tì í jáde. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, alábàáṣiṣẹ́ yẹn ti lọ. Ìdí nìyẹn tí gout, àrùn oríkèé tí uric acid tó pọ̀ jù máa ń fà, tí a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti bàbá onígbádùn ni, fi ń ká ìyá ẹni ọdún 65 mọ́lé.

Ẹni tó bá ṣe rí kò ní gbàgbé. Òru ló sábà máa ń dé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, débi pé bí aṣọ ìbora bá fara kàn án, igbe ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí uric acid wọn ga ni kò ní mọ ìrora yìí láé.

Ọkàn wá ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti rí i pé àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí uric acid wọn ga. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bóyá òun gan-an ló ń ba ọkàn jẹ́, àbí ó kàn ń bá àwọn tó ń bà á jẹ́ rìn ni. Ní Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọkàn àwọn ará ìlú láti ọdún 1948, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1999. Lára àwọn obìnrin, ó kọ́kọ́ dà bíi pé uric acid jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n wá ro àwọn nǹkan míì mọ́ ọn, pàápàá oògùn tó ń mú ni tọ̀ tí àwọn kan ń lò, ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, wọ́n tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó àwọn àgbà tó lé ní 5,700 jọ, ẹni 60 ọdún sókè, tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn ṣùgbọ́n tí wọn kò ní gout. Wọ́n fún apá kan ní allopurinol, oògùn tó ń mú uric acid wálẹ̀, wọn kò fún apá kejì. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022: uric acid wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò torí ẹ̀ dín kù. Ajá tó ń gbó lóru kọ́ ló ń jalè, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò ní gout kó má lọ fúnra rẹ̀ ra allopurinol nítorí ọkàn. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ̀ ọ́, tí gbogbo awọ ara wọn á máa bó.

Kí wá ni ká ṣe bí nọ́ńbà náà bá ga? Ká wo àwọn tó ń bá rìn ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín yín wò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo BP yín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, kí ẹ má sì máa bá ọmọ-ọmọ jà lọ́wọ́. Bó bá ń dé 140/90 léraléra, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú àpò oògùn yín sórí tábìlì. Ẹ fi gíláàsì sójú, kí ẹ ka orúkọ wínníwínní tó wà lẹ́yìn páálí, ìyẹn tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá. Bí ẹ bá rí hydrochlorothiazide tàbí furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni, ó sì lè mú uric acid ga. Aspirin kékeré tí wọ́n ń fún àwọn ọlọ́kàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Losartan ní tirẹ̀, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń mú un wálẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dá ọ̀kankan dúró o! Oògùn wọ̀nyẹn ló ń gbé ẹlòmíì ró. Ẹ kó gbogbo páálí náà lọ bá dókítà, òun ló mọ èyí tó ṣe é pààrọ̀.

Bó bá jẹ́ gout ló ti mú yín tẹ́lẹ̀, tiyín yàtọ̀. Ẹ máa lo oògùn tí dókítà kọ fún yín lójoojúmọ́, kódà bí ẹsẹ̀ kò bá dùn yín. Ìwádìí kan láti Nottingham, tó jáde lọ́dún 2022, rí i pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń pọ̀ sí i láàárín oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé ìgbà tí gout bá ru, pàápàá oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ má fi oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen ṣe oúnjẹ o. Wọ́n ń ti BP sókè, wọ́n sì ń pọ́n kíndìnrín àgbà lójú. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ńkọ́? Ọtí náà gan-an wà lára ohun tó ń mú uric acid ga.

Ó wá ku oúnjẹ, níbi tí ẹ̀rù ti ń ba gbogbo yín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọdún 12 ṣọ́ àwọn ọkùnrin tó lé ní 47,000. Ẹran àti ẹja ló ń fa gout sún mọ́ wọn. Wàrà ń lé e sẹ́yìn. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ máa jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ rírò yín lọ jàre. Orísìírísìí inú ọbẹ̀ òde àríyá ni kí ẹ fojú wò, pàápàá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò náà ńkọ́? Lára àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 78,000 tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 22, àwọn tó ń mu méjì lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ewu gout tó ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí kì í mu tó ẹyọ kan lóṣù. Omi ló dáa jù, àfi bí dókítà bá ti ní kí ẹ dín in kù nítorí ọkàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọn, ẹ rọra fọn; ààwẹ̀ àfipá gbà máa ń ti uric acid sókè ni.

Ìkan ṣoṣo ló kù, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ létí yín. Ìkọlù ọkàn lára obìnrin kì í fìgbà gbogbo di àyà mú. Ó lè jẹ́ èémí tó ń há, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n tó ń ro, òógùn tútù, tàbí àárẹ̀ tí kò nídìí. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀ lójijì, ẹ má sọ pé kílẹ̀ mọ́ ná, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti jí ọmọ yín lóru kó lè gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Àyẹ̀wò uric acid lè dúró dọ̀la, èyí kò lè dúró.