OWÓ TÍ A YỌ NÍNÚ OWÓ OṢÙ: NÍBO NI Ó GBÀ LỌ?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni inú wọn máa ń dùn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó oṣù èkíní. Ní ọjọ́ náà ni wọn yóò rí i pé owó tí ó tẹ àwọn lọ́wọ́ kò tó iye tí a kọ sínú ìwé ìgbàsíṣẹ́. Àwọn kan a bínú, wọn a ní ọ̀gá ti jẹ owó àwọn. Àwọn mìíràn a dákẹ́, wọn kì yóò sì béèrè ohunkóhun títí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dákẹ́ yìí ni ó ba ni lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ìpìlẹ̀ owó oṣù rẹ̀ jẹ́ N50,000, owó ilé N20,000, owó ọkọ̀ N10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni N80,000. Òfin owó ìfẹ̀hìntì ti ọdún 2014, tí ó de gbogbo ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàṣẹ pé kí a yọ náírà 8, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ N6,400. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé nìyí: ọ̀gá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mú náírà 10 nínú ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni N8,000, láti inú àpò tirẹ̀ fi kún un. N14,400 ni ó yẹ kí ó wọ àkáǹtì ọmọ náà lóṣooṣù. Láàrin ọdún kan, ó di N172,800, láìka èrè tí owó náà bá mú wá.

Èyí kò dàbí èésú, tí ẹnì kan ń kó lónìí tí ẹlòmíràn ń kó lọ́la. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni a fi ṣí àkáǹtì náà. Òun fúnra rẹ̀ ni òfin sì fún láṣẹ láti yan ilé iṣẹ́ tí yóò bójútó owó rẹ̀, láàrin àwọn tí Àjọ PenCom fún ní ìwé àṣẹ. Akọ̀wé tí ó bá ní, “Ibí ni gbogbo wa ń lò,” ìmọ̀ràn ni ó gbà ọ́, kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá jáfara tí oṣù 6 kọjá, ọ̀gá lè bá a ṣí i. Nọ́ńbà àkáǹtì náà, tí a fi PEN bẹ̀rẹ̀, kì í yípadà. Ẹni tí ó bá fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó yóò mú un lọ fún ọ̀gá tuntun.

Ewu ibẹ̀ ni pé kí a yọ owó, kí ó má sì dé ibi tí ó ń lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré lẹ́hìn sísan owó oṣù ni òfin fún ọ̀gá láti fi owó méjèèjì ránṣẹ́. Bí ó bá dá a dúró, yóò san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù kọ̀ọ̀kan, inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni ìtanràn náà yóò sì wọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀, bí olówó kò bá wò ó? Ìwé owó oṣù lè fi N6,400 hàn, kí àkáǹtì ṣófo. Nítorí náà, ẹ máa béèrè ìṣirò àkáǹtì yín, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé owó oṣù, kí ẹ sì wò wọ́n ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù kan bá sọnù, ẹ kó ìwé méjèèjì tọ akọ̀wé owó lọ. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ó ń bójútó owó yín, lẹ́hìn náà sí PenCom.

Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàrin oṣù 4, lè gbà tó ìdá mẹ́rin owó náà. Ìwọ̀nba tí ó bá ti wọ àkáǹtì nìkan ni a óò pín.